Ẹ fi màmá mi sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò bá tó, kó fi pamọ́, kó padà wá kà á lálẹ́.

Sátidé tó kọjá, mo gbé fọ́tò màmá mi sórí ìkànnì yìí. Ẹ rí i. Ìró ànkárá, súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, bàtà kánfáàsì funfun tí mo rà fún wọn, gèlè kékeré lórí. Wọ́n dúró sáàárín ọ̀nà gbọọrọ kan tí igi ṣíji bò bí àtíbàbà. Mo kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Màmá mi rin máìlì mẹ́rin lónìí, orúnkún ò sì dùn wọ́n." Ó parí. Mi ò ta ọjà, mi ò bú ẹnikẹ́ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti sọ màmá mi di ẹni àwàdà.

Ẹnì kan ní, "Kí ni màmá gbàgbé sínú igbó?" Òmíràn ní ìyà tó jẹ àwọn bàbá wa ni òyìnbó wá ń fi ṣeré, àwa náà wá ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn bí àgùntàn. Ẹnì kẹta, tó fi àwòrán òkè sójú ìwé ẹ̀, wá fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi wí pé èyí kì í ṣe hiking rárá, pé ọ̀nà pẹrẹsẹ lásán ni, kí n lọ gun Old Rag ní Virginia kí n tó máa ṣe fáàrí.

Ẹ wò ó, àwọn kan ń bú mi pé mo ti ṣe jù, àwọn kan ń bú mi pé mi ò tíì ṣe tó. Orí fọ́tò kan náà o!

Mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kò mọ ohun tó yẹ kó fi pamọ́, ti ka díẹ̀ níbẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìbéèrè tí wọ́n fi pàdé mi ni pé, "Àṣàkẹ́, ṣé ohun ìtìjú ni mo ṣe ni?" Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tù nínú lónìí.

Ibi tí a wà nìyí. Ọ̀nà yẹn wà ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní àríwá Baltimore. Orúkọ ẹ̀ lórí ìwé ni Torrey C. Brown Rail Trail, àmọ́ NCR lọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é, ìyẹn Northern Central Railroad, torí ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Ashland, ó gba etí odò Gunpowder lọ, títí dé ààlà Pennsylvania. Ó tó nǹkan bíi máìlì 20. Ní ààlà yẹn, òmíràn tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń lọ sí ìlú York. Monkton ni àwa ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ilé ìdúró ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣì wà, tí wọ́n tún ṣe dáadáa. Ọ̀nà náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n tẹ́ sí i. Bí òjò bá rọ̀, kì í di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Nígbà ooru, àwọn ọmọ kéékèèké máa ń jókòó sínú túùbù táyà nínú odò, omi á máa gbé wọn lọ, wọ́n á máa pariwo bí ẹyẹ. Màmá mi máa ń dúró wò wọ́n, wọ́n á ní, "Àwọn wọ̀nyí ò ní ìyá nílé."

Ojú irin yẹn kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1828 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Ní November 1863, òun ni Abraham Lincoln gbà lọ sí Gettysburg, níbi tó ti sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà ń kọ́ sórí. Ní April 1865, òun náà ni wọ́n fi gbé òkú Lincoln kọjá. Lẹ́yìn náà, mọ́tò pọ̀, títì pọ̀, owó wọ́n fún rélùwéè. Penn Central tó ni ín wọ gbèsè ní 1970. Ní June 1972, ìjì Agnes dé, odò kún, ó wó àwọn afárá. Ilé iṣẹ́ tó ti wọ gbèsè, níbo ló ti máa rówó tún afárá ṣe? Wọ́n fi sílẹ̀ fún koríko.

Ìpínlẹ̀ Maryland ló wá rà á. Ní 1984 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ọ̀nà náà lónìí, Torrey Brown, òun ló ń ṣàkóso ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí igbó, odò àti ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn. Ẹ sì mọ iṣẹ́ tó kọ́? Dókítà ìṣègùn ni. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ ìyẹn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀.

Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀nà pẹrẹsẹ lásán ni.

Ṣé ẹ mọ ìdí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ? Ọkọ̀ ojú irin ò lè gun òkè. Irin lórí irin máa ń yọ̀. Torí náà, àwọn tó ń la ojú irin kì í jẹ́ kó gòkè ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì lọ nínú ẹsẹ̀ bàtà 100. Níbi tí òkè bá wà, wọ́n á gé e. Níbi tí àfonífojì bá wà, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ dí i. Níbi tí odò bá wà, afárá. Ọwọ́ làwọn èèyàn fi ṣe é, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì àti ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Ọ̀nà pẹrẹsẹ tí ẹ ń pè ní lásán yẹn, kò sí nǹkan tó le ju ṣíṣe ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é ti jẹ ìyà gígun òkè tán sílẹ̀ fún wa. Ta wá ni èmi tí màá fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀?

Mo mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́ ṣá, torí èmi náà ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ọdún 14 rèé tí màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé èèyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́ arọ, láti orí kẹ̀kẹ́ arọ lọ sí balùwẹ̀, kí wọ́n tún gbé e padà. Orúnkún wọn ti gbọ́ ìró ara oríṣiríṣi èèyàn. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ ríru dé, ṣúgà tẹ̀lé e. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyẹn 150 ìṣẹ́jú, iye kan náà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO ní ó yẹ kí àgbàlagbà máa rìn, ó kéré tán.

Ó rọrùn láti kọ sórí ìwé. Níbo ni wọ́n ti máa rìn ín?

Àdúgbò wa kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Koríko ni, lẹ́yìn koríko, mọ́tò tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé. A gbìyànjú inú ilé ìtajà ńlá kan, ọlọ́dẹ tẹ̀ lé wa yípo ẹ̀ẹ̀mẹta bí ẹni pé a fẹ́ jí fìríìjì gbé. A gbìyànjú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rìn lójú kan. Ọjọ́ kan ni wọ́n gùn ún. Wọ́n ní ó dà bíi pé èèyàn ń sá fún gbèsè, gbèsè náà ò sì jìnnà sí i. Wọ́n ò padà síbẹ̀ mọ́.

Èmi wá ní mo gbọ́n. Mo ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi gun òkè nígbà yẹn, mo ra bàtà olówó ńlá, mo ń gbé fọ́tò sókè bí ẹni tó bí òkè yẹn lọ́mọ. Mo mú màmá mi dání lọ́jọ́ kan. Òkúta, gbòǹgbò igi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí a tó rìn dé ìlàjì, wọ́n ti rẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi yíjú padà, ó pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ máa gbìyànjú, ó kù díẹ̀!" Kò kù díẹ̀ o. Màmá mi jókòó sórí òkúta kan, wọ́n ń tẹ orúnkún wọn, wọ́n ò sọ̀rọ̀. Èmi sì dúró lókè, mò ń wo aago, ojú ń tì mí. Ojú wọn ló yẹ kí n máa wò, aago ni mò ń wò.

Fún oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti pe ìrìn, wọ́n á ní ó rẹ̀ wọ́n.

Torí náà, ìwọ tí o fi àwòrán òkè sójú ìwé, gbọ́ mi dáadáa. Mi ò bá òkè jà. Gun Old Rag títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí mò ń bá jà ni ẹnu yẹn, tó ń sọ pé ẹni tí kò bá lè gùn ún kò tíì jáde nílé. Ẹnu yẹn ló dá màmá mi dúró sílé fún oṣù márùn-ún. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ rẹ lé ẹni kan ṣoṣo tí dókítà ní kó rìn padà sórí àga ẹ̀, o ti ṣe é léṣe. Ṣé nítorí láìkì mọ́kànlélógún?

Lórí NCR, mo ti rí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ yí i lọ. Mo ti rí bàbá arúgbó tó di ọwọ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀ mú, a ò mọ ẹni tó ń tọ́jú ẹnì kejì. Mo ti rí aboyún tí oṣù ẹ̀ ti pé dáadáa. Mo ti rí àgbọ̀nrín mẹ́ta tí wọ́n dúró sójú ọ̀nà bí ọlọ́pàá, tí wọ́n wò wá títí ó fi sú wọn. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni kò tíì jáde nílé?

Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ní nǹkan òyìnbó ni.

Ọ̀rọ̀ yín le díẹ̀ láti dáhùn, mo gbà, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Màmá mi fúnra wọn bẹ̀rù ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ rìn nínú igbó ní ìgbèríko Maryland, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n yìnbọn pa wá ni?" Wọn kì í ṣe àwàdà. February 2020, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Ahmaud Arbery, ọmọ ọdún 25, ń sáré lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀ ní àdúgbò kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Aláwọ̀ funfun mẹ́ta fi mọ́tò lé e, ọ̀kan nínú wọn yìnbọn pa á. Màmá mi wo ìròyìn yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá wọ fìlà súwẹ́tà jáde, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi yí kọ́nà.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ kí ibẹ̀ jẹ́ ti òun nìkan ń sọ pé, "Kì í ṣe tiyín." Ẹ̀yin náà wá ń ràn án lọ́wọ́, ẹ ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀nà yẹn wà. Ọdún 14 ni màmá mi ti ń san owó orí fún ìpínlẹ̀ yẹn, láti inú iṣẹ́ alẹ́. Èwo wá ni nǹkan òyìnbó níbẹ̀? Igi? Odò? Àbí ẹsẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fọgbọ́n mú wọn débẹ̀. Mi ò sọ fún wọn pé rélùwéè ni tẹ́lẹ̀. Mo kàn ní ọ̀nà kan wà tí kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. A páàkì mọ́tò, a bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Wọ́n di báàgì wọn mọ́ àyà, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá, ó kí wa. Obìnrin kan tó mú ajá dání kí wa. Màmá mi ń dáhùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

A ò tíì rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n dúró. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ojú irin lèyí."

Mo ní, "Ẹ̀yin ṣe mọ̀, mà?"

Wọ́n ní, "Wò ó bó ṣe ń yí lọ. Títì máa ń ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Rélùwéè máa ń fara balẹ̀ yí. Wo ẹ̀gbẹ́ yìí, wọ́n gé òkè. Wo tọ̀hún, wọ́n kó ilẹ̀ jọ. Ojú irin ni."

Òkukù ni wọ́n bí màmá mi sí. Ẹni tó bá mọ ojú irin láti Ọ̀ṣogbo lọ sí Ọ̀fà mọ Òkukù. Bàbá wọn, bàbá mi àgbà tí mi ò bá láyé, lébìrà ni ní rélùwéè, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń fẹsẹ̀ rin ojú irin láàárọ̀ láti wò ó bóyá nọ́ọ̀tì kan ti tú, bóyá òjò ti wọ́ ilẹ̀ abẹ́ irin lọ. Nígbà míì màmá mi á tẹ̀ lé wọn dé ibì kan, kí wọ́n tó dá wọn padà sí iléèwé. Bí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á ti gbé àgbàdo sísè lé orí, wọ́n á máa nà án sókè sí ojú fèrèsé. Wọ́n sọ gbogbo èyí fún mi lórí NCR, láàárín Monkton àti ibi tí a ti yí padà. Ọdún 26 ni mo ti wà láyé, mi ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ti tú báàgì kúrò láyà, wọ́n ń fọwọ́ ṣàpèjúwe bí irin ṣe máa ń gbóná lọ́sàn-án, bí wọ́n ṣe máa ń fetí lé e kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

Ìgbà tí a máa fi dé ìdí mọ́tò, a ti rin máìlì mẹ́ta. Mi ò gbọ́ pé orúnkún.

Ẹ̀yin wá ní nǹkan òyìnbó ni.

Ẹni tó ní ìyà àwọn bàbá wa la fi ń ṣeré, mo mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n rìn torí kò sí owó ọkọ̀. Wọ́n ru ẹrù. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó wù wọ́n. Mi ò ní purọ́ pé ìrìn yẹn dùn. Mo bi màmá mi. Wọ́n ní ìgbà míì ó dùn, ìgbà míì ebi ń pa wọ́n. Àmọ́ ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ yẹn rìn nígbà tí wọ́n fipá mú un, kó wá dé ibi tó ti lè fi rìn torí pé ó wù ú, ní wákàtí tó wù ú, kó dúró níbi tó wù ú, kó yí padà nígbà tó wù ú, ṣé ìyẹn ni ẹ ń pè ní ìyà? Ó yẹ kí inú yín dùn fún wọn jàre. Ìsinmi àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn ní látìgbà tí wọ́n ti ń gbé àgbàdo kiri nìyẹn.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà bá ọ̀rẹ́ mi kan tó wà nílé, ní Ìbàdàn. Òun kò bú màmá mi, ó kàn fi fọ́tò yẹn ṣe àwíjàre. Ó ní, "O rí i? Àwọn ara Amẹ́ríkà mọ̀ pé rélùwéè àtijọ́ ò wúlò mọ́. Tiwa náà, kí wọ́n hú irin yẹn tà, kí wọ́n pín ilẹ̀ ẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. A ti ní tuntun."

Òótọ́ ni pé a ti ní tuntun. Ojú irin tó fẹ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní 2021. Ojú irin kékeré tó ti wọ Ìbàdàn láti 1901 sì wà níbẹ̀, òun náà ló tẹ̀síwájú lọ sí Ọ̀ṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kò kà á dópin. Ohun tí àwọn ara Amẹ́ríkà ṣe yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń sọ.

Ojú irin dà bí ọ̀já. Bí o bá gé e sí wẹ́wẹ́, kò sí nǹkan tí o lè fi ṣe mọ́. Èèyàn kan á ra ọ̀gọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, á kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Ẹlòmíì á ra ogójì, á gbẹ́ kànga sí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bí ìjọba bá wá ní òun fẹ́ dá ọkọ̀ ojú irin padà, ó ti parí. Wàá ra á padà lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹgbẹ̀rún ẹjọ́ ní kóòtù. Àwọn ara Amẹ́ríkà jìyà èyí dáadáa kí wọ́n tó gbọ́n, ọ̀pọ̀ ojú irin wọn ti bọ́ sọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó mọ̀. Ní 1983 wọ́n wá ṣòfin kan: bí ilé iṣẹ́ rélùwéè bá fẹ́ pa ojú irin kan tì, ìlú tàbí ẹgbẹ́ kan lè gbà á, kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹsẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin bá ní òun ń padà bọ̀, wọ́n á yẹ̀ fún un. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ń bá rélùwéè di ilẹ̀ mú ni. Lónìí, ọ̀nà ẹsẹ̀ orí ojú irin àtijọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà ti lé ní máìlì 25,000.

Àwọn kan bá òfin yẹn jà. Tọkọtaya kan ní Vermont gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ni, bí ọkọ̀ kò bá sí mọ́, kí wọ́n dá a padà fún àwọn. Ní 1990, ilé ẹjọ́ ní òfin náà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé wọ́n gba ilẹ̀ òun lè lọ béèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn. Oko àwọn èèyàn wà lábẹ́ ojú irin tiwa náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jàǹfààní kan lórí ẹ̀, ìdílé tó ni oko yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí wọ́n pa rélùwéè o. Ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́. Kó máa ké, kó máa gbé iṣu àti èèyàn. Mo kàn ń sọ pé níbi tí kò bá ti sí, kí wọ́n má gé ọ̀já yẹn. Ẹ máa ní ààbò ńkọ́, ta ló máa rin inú igbó nílé lásìkò tí ajínigbé wà níta? Ẹ ò jẹ̀bi. Mi ò ní kí ìyá ẹnikẹ́ni dá rin láti Ìkìrun lọ sí Òkukù lónìí. Àárín ìlú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń rin etí irin yẹn tẹ́lẹ̀: ọmọ iléèwé, ìyá tó gbé igbá, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó kù ni kí ìdọ̀tí kúrò, kí iná wà lálẹ́, kí gọ́tà má ṣàn sí i. Ọ̀nà tẹ́lẹ̀ náà ni.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó ní èmi tí mo wà ní Amẹ́ríkà ni mo ráyè gbafẹ́. Mo ní màmá mi tó ń ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ni kó lọ sọ ìyẹn fún. Kò tíì fèsì.

Kí n má pa á mọ́ fún yín, NCR náà kì í ṣe ọ̀run. Ibẹ̀ jìnnà sí ẹni tí kò ní mọ́tò. Lọ́jọ́ míì, àwa nìkan ni aláwọ̀ dúdú tí màá rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan máa ń sáré kọjá létí èèyàn bí ẹni tó ń lé olè, ọjọ́ kan ọ̀kan nínú wọn ló mú kí màmá mi fi èpè kan ṣeré tí mi ò lè kọ síbí. Mi ò purọ́ fún yín pé kò sí nǹkan kan. Mo kàn mọ̀ pé ní ìgbà tó kọjá tí a lọ rí dókítà, ó wo ìwé, ó tún wò ó, ó ní kí ni a yí padà. Màmá mi ní, "Rélùwéè ni."

Lálẹ́ àná, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò wọn obìnrin ní Òkukù lórí WhatsApp, wọ́n ní kó lọ wo ibi tí bàbá wọn máa ń gbà láàárọ̀. Àǹtí mi dáhùn láàárọ̀ yìí, a ń gbọ́ ìró ewúrẹ́ lẹ́yìn ohùn wọn. Wọ́n ní, "Irin yẹn wà níbẹ̀ o, ewúrẹ́ ló ń jókòó lé e lórí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Màmá mi ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n má hú u. Mo fẹ́ rìn ín tí mo bá délé."

Sátidé tó ń bọ̀, a máa wà ní Monkton. Agogo mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé rélùwéè. Ẹni tó bá wà nítòsí Baltimore tó fẹ́ bá wa rìn, kó kọ̀wé sí mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tí dókítà ní kó máa rìn. Ẹ mú wọn wá. A kì í sáré, a máa ń dúró nígbà tó bá wù wá. Àmọ́ màmá mi ní ẹni tó bá máa fi àsìkò Nàìjíríà wá, kó jókòó sílé ẹ̀.